Láti Yábàá dé Ṣàgámù: Níbo Ni Èròjà Oògùn Wa Ti Ń Wá?

Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ oògùn ni mo gbé wá lónìí, pàápàá àwọn tó wà ní ìhà Èkó àti Ògùn, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ oògùn Nàìjíríà tẹ̀dó sí. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìkẹjà lọ sí Ìsọlọ̀, tó tún gba ọ̀nà Ọ̀tà àti Àgbárá, tó wá yà sí Ṣàgámù, yóò kọjá lára ọ̀pọ̀ ọgbà tí wọ́n ti ń tẹ hóró oògùn, tí wọ́n sì ń rọ oògùn olómi sínú ìgò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ́wọ́ bí a ṣe ń bá ìtàn náà lọ: nínú oògùn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, apá wo gan-an ni a ṣe níbí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti 1944, ọdún tí wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ May & Baker sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èmi á kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, sí Yábàá ní 1925, nígbà tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà kó àwọn onímọ̀ wá sí Èkó láti wá ìdí ibà pọ́njúpọ́njú. Ibà burúkú ni. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ó ń sọ ẹyinjú di aláwọ̀ ìyeyè, ẹni tó bá sì mú kíkankíkan á máa bi ẹ̀jẹ̀ dúdú kí ó tó kú. Lásìkò náà, Hideyo Noguchi, onímọ̀ ará Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ti kéde pé òun ti rí ohun tó ń fà á, pé irú bakitéríà kan ni. Àwọn ará Yábàá wá bakitéríà náà lára àwọn aláìsàn títí, wọn ò rí i.

Ní June 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ọ̀bọ kan lára. Asibi gbádùn, ọ̀bọ kú. Wọ́n wá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn náà gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà ò lè gbà á kọjá, síbẹ̀ omi tó jò sísàlẹ̀ ṣì ń pa ọ̀bọ mìíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ dájú pé fáírọ́ọ̀sì ni, pé àṣìṣe ni ti Noguchi. Ìmọ̀ yẹn gba ẹ̀mí. Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wà lára àwọn olùwádìí náà, kó ibà ọ̀hún, ó sì kú ní Èkó ní September 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti wá fìdí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ múlẹ̀. Ibà náà pa á ní May 1928.

Láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe àjẹsára tí wọ́n pè ní 17D ní 1937. Wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún arìnrìn-àjò kí wọ́n tó fún un ní káàdì yẹ́lò, àtọmọdọ́mọ fáírọ́ọ̀sì yẹn ló wà nínú rẹ̀ títí di òní olónìí. Ó wù mí gan-an kí àwọn ọmọ wa máa kọ́ orúkọ Asibi ní ilé-ìwé, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Theiler, nítorí láìsí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn, kò sí ohun tí wọn ì bá fi ṣe é.

Yábàá kò dúró sórí ìwádìí. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àjẹsára fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe àjẹsára ìgbóná, wọ́n ń ṣe ti àrùn ajá dìgbòlugi, wọ́n sì ń ṣe ti ibà pọ́njúpọ́njú. Ẹyin adìyẹ ni wọ́n ń lò fún ti ibà, ẹyin tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa fáírọ́ọ̀sì tí agbára rẹ̀ ti rọ̀ sínú ẹyin náà, wọ́n á gbé e sínú ooru tó mọ níwọ̀n kí fáírọ́ọ̀sì lè máa bí sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á yọ ọmọ inú ẹyin, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá gbẹ ẹ́ nínú òtútù títí yóò fi di lúbúlúbú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi apá yìí sọ́kàn. Ohun tó ń dáàbò bo ara gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ Yábàá ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kì í gbà á ní àgbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n wá máa pín in sínú ìgò.

Ní 1991 iṣẹ́ dúró. Ìjọba ní àwọn fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe kí ó lè bá ìlànà àgbáyé mu. Wọn ò ṣí i mọ́. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà náà, ní 1987, ni ibà pọ́njúpọ́njú ti jà ní àwọn ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí òkú sì sùn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìyẹn ni pé a ò lè sọ pé a ò mọ ohun tí a ń fi sílẹ̀. Nígbà tí ibà kan náà tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara ní September 2017, ibi ìpamọ́ àwọn àjọ àgbáyé ni wọ́n ti kó àjẹsára wá fún wa. Ní March 2021, àjẹsára kòrónà àkọ́kọ́ tó wọ Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 4, India ni wọ́n ti ṣe é. Láìpẹ́, àrùn náà gbóná ní India, wọ́n sì ti ọ̀nà mọ́ èyí tó yẹ kí ó jáde, nítorí àwọn ènìyàn tiwọn. A ò lè bá wọn jà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ fún ọmọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò.

May & Baker, ilé-iṣẹ́ kan ní Dagenham nítòsí London, ló gbé oògùn M&B 693 jáde ní 1938, oògùn tó ń wo òtútù àyà nígbà tí pẹnisílìn kò tíì dé ọjà. Òun ni wọ́n fún Winston Churchill nígbà tí òtútù àyà dá a dúbúlẹ̀ ní Tunisia ní December 1943. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 4 September 1944, wọ́n forúkọ ẹ̀ka Nàìjíríà sílẹ̀, òun sì ni ilé-iṣẹ́ oògùn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, títà ni iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn á wọkọ̀ ojú omi ní Ìlú Ọba, á sọ̀ ní Àpápá. Pfizer dé ní 1957, Beecham dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní 1971. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé ní àwọn ọdún 1970, tí òfin 1972 àti 1977 sì fi dandan lé e kí ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àwọn àjèjì, ẹ̀rọ tó ń tẹ hóró oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Ìkẹjà. Àwọn apoògùn wa kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Stella Okoli ti ṣí kẹ́míìsì ní Ṣómólú ní 1977, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Emzor ti jáde ní 1984. Fidson tẹ̀lé e ní 1995. Ní 1997, àwọn ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ra ẹ̀ka Pfizer tó wà níbí, wọ́n sọ ọ́ di Neimeth.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ọgbà wọ̀nyẹn? Ẹ jẹ́ ká mú hóró paracetamol. Lúbúlúbú funfun kan wà, òun ló ń lé ẹ̀fọ́rí. Wọ́n á pò ó mọ́ sítáàṣì kí ó lè dì mọ́ra, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á fi nǹkan kékeré kan sí i kí ó má baà lẹ̀ mọ́ irin, kí ẹ̀rọ tó wá tẹ̀ ẹ́ di hóró. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ìwọ̀n èròjà tó wà nínú hóró kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Hóró gbọ́dọ̀ le tó láti má fọ́ nínú páálí, kí ó sì rọ̀ tó láti tú nínú ikùn kí àkókò tó kọjá. Ṣùgbọ́n lúbúlúbú funfun yẹn, China tàbí India ló ti ń wá. Ara kẹ́míkà tí wọ́n ń rí nínú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti 1956 ni a ti mọ̀ pé epo wà nílẹ̀ wa, a sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ títí di òní. Ilé-iṣẹ́ tó yẹ kí ó sọ ọ́ di lúbúlúbú yẹn ni kò sí. Sítáàṣì ńkọ́? Kò sí orílẹ̀-èdè láyé tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà, síbẹ̀ púpọ̀ nínú sítáàṣì tí ilé-iṣẹ́ oògùn wa ń lò ń ti òkèèrè wá, nítorí èyí tí wọ́n á fi ṣe oògùn gbọ́dọ̀ mọ́ ju èyí tí a fi ń le aṣọ lọ fíìfíì, ẹni tó máa fọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n yẹn níbí kò sì pọ̀.

Àwọn aláṣẹ fúnra wọn máa ń sọ ọ́ pé nǹkan bí 70 nínú 100 oògùn tí à ń lò ni wọ́n kó wọlé ní ṣíṣe parí. Nínú èyí tó kù, tí a ṣe níbí, èròjà tó ń wo àrùn gan-an ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àjèjì tán. Alákàrà tó bá ń ra ẹ̀wà lílọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè mọ àkàrà dín dáadáa, kí epo rẹ̀ gbóná, kí iyọ̀ rẹ̀ sì ṣe gẹ́ẹ́. Ohun tí ẹni tó lọ ẹ̀wà fi lú u, kò lè mọ̀ àfi tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó da á sínú epo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1990 nìyẹn, ó sì dùn mí dé ọkàn láti sọ ọ́. Paracetamol kì í yọ́ dáadáa nínú omi lásán. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe oògùn olómi fún ọmọdé, wọ́n á fi ohun kan tó ki, tó sì dùn díẹ̀ yọ́ ọ. Propylene glycol ni orúkọ rẹ̀, kò sì léwu. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol. Òun náà ki, òun náà dùn, kò sì wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe nínú ohun tí ènìyàn máa gbé mì. Tó bá wọ inú ọmọdé, á pa kídìnrín rẹ̀. Ọmọ ò ní lè tọ̀ mọ́. Ara rẹ̀ á wú, èémí rẹ̀ á máa le, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó tán. Ní Ìbàdàn àti ní Jos, àwọn ìyá gbé ọmọ tó ní ibà wẹẹrẹ lọ gba oògùn, oògùn náà ló pa ọmọ. Ní Jos nìkan, àwọn dókítà kọ ọmọ 47 sílẹ̀. Àpapọ̀ tí wọ́n máa ń kà jákèjádò orílẹ̀-èdè jẹ́ 109.

Ayé ti mọ májèlé yìí tipẹ́. Ní 1937, irú rẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà, ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni wọ́n ṣe òfin pé kò sí oògùn tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe é fi hàn pé kò léwu. Tiwa gba ọdún mẹ́ta. Ní 1993 ni àṣẹ ìjọba ológun dá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀. Nígbà náà, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, oògùn ti wọ́n, ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó sì ti kún fún ayédèrú: kápúsù tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí wọ́n tún ọjọ́ rẹ̀ kọ. Kò sí ohun tó rọrùn nínú bíbá irú ọjà bẹ́ẹ̀ jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili gba ipò olórí NAFDAC ní April 2001, àwọn agbébọn sì da ìbọn bo ọkọ̀ rẹ̀ ní December 2003. Ọta kan gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ọ̀wọ̀ ńlá fún obìnrin yẹn, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà láàyè lónìí jẹ ẹ́ ní gbèsè láìmọ̀.

Síbẹ̀ náà, ní November 2008, májèlé kan náà padà wá, ó fara pamọ́ sínú oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yọ eyín. Ọmọ 84 ló kú. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní Èkó pa, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sì fi méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún méje ní 2013. Ìdájọ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀: ẹnì kan ra èròjà lọ́wọ́ oníṣòwò, ìwé ara gáláànù sọ ohun kan, ohun mìíràn ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Bí ọ̀nà tí èròjà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti lè pààrọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé a ò ní èròjà tiwa ni? Àwọn elégbògi wa ńkọ́? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní Ifẹ̀. Ní nǹkan bí 1970, àwọn onímọ̀ nípa oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń yẹ pákò wò, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń pa kòkòrò ẹnu. Nígbà tí wọ́n dé orí orin àtà, wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi gbòǹgbò rẹ̀ bá kàn kì í tètè dúdú. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí àrùn arọmọléegun ṣe ń tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe yẹ kí ó rí. Àrùn tí àwọn mìíràn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà. Ìwádìí náà lọ káàkiri ayé. Kò di oògùn inú páálí.

Èyí tó di oògùn, àgbo ni. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì P. O. Ògúnyalé, ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní àgbo ìdílé kan tó ń fún àwọn ọmọ arọmọléegun. Ohun mẹ́rin tí ìyá ilé èyíkéyìí mọ̀ ló wà nínú rẹ̀: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ó gbé e tọ ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Abuja lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, ìrora tó máa ń dá wọn dúbúlẹ̀ sì dín kù. Wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ní 1998, wọ́n sì pe oògùn náà ní Niprisan. Ẹ wo bí ó ti dára tó: elégbògi kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Owó ló kù. Ìjọba fún ilé-iṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Xechem, ní àṣẹ láti máa ṣe é. Oògùn náà jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan, àwọn òbí sì ń rà á. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè, ó sì wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Oògùn náà wọ́n lọ́jà, kò sì pẹ́ tí àwọn òbí fi ń wá a kiri. Kì í ṣe pé oògùn náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan ní òkè òkun ni wọ́n ti ń pín gbèsè ẹni tí kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú ìyèré àti osùn wa. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn yìí, ibí ló ká mi lára jù lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, torí pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, gbogbo èròjà wà lọ́wọ́ wa, láti oko dé inú páálí.

Ibà lásán, ìyẹn malaria, náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Chloroquine ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni gbogbo ló mọ bó ṣe ń yún ara. Nígbà tí kòkòrò ibà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ìjọba yí ìlànà padà ní 2005 sí oògùn tuntun tí artemether àti lumefantrine wà nínú rẹ̀. Ìpinnu tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó bá ilé-iṣẹ́ wa lójijì. Nígbà tí àwọn àjọ àgbáyé wá gbówó kalẹ̀ kí oògùn tuntun náà lè dínwó, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí àgbáyé nìkan ni wọ́n ti ń rà á, kò sì sí ti Nàìjíríà kankan láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà tó tóbi jù lọ nílẹ̀ wa ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè. Ó tó nǹkan bí 2014 kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó jẹ́rìí sí ìlànà iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa mẹ́rin, Swipha, Chi, May & Baker àti Evans. Lórí owó ibodè sì rèé, ohun tó yani lẹ́nu wà níbẹ̀: fún ọdún pípẹ́, ẹni tó kó oògùn tí wọ́n ti ṣe parí wọlé kì í san nǹkan kan lórí rẹ̀, nígbà tí ẹni tó kó èròjà àti páálí wọlé láti wá ṣe oògùn níbí ń sanwó. Òwò wo ni ọlọ́gbọ́n máa yàn nínú méjèèjì?

Ní August 2023, GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn láti Ìlú Ọba, kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ Sanofi náà kéde pé òun máa gbé títà oògùn òun fún ẹlòmíràn. Náírà ti já, dọ́là kò sì ṣeé rí. Láàárín oṣù díẹ̀, owó Augmentin àti Ventolin, oògùn GSK méjì, fò sókè ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣàìsàn ikọ́ fée mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun rere wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú. Ní Ẹdẹ, ní ọgbà Yunifásítì Redeemer's, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́ ibùdó kan tí wọ́n ti ń ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì, ACEGID ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣe àyẹ̀wò nígbà tí Ebola wọ Èkó ní July 2014. Nígbà tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, Ẹdẹ ni wọ́n ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ní March 2020. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kà ní gbogbo Áfíríkà. Láti 1925 tí àwọn àlejò wá kọ́ yàrá ìwádìí sí Yábàá títí dé ọjọ́ yẹn, ìrìn náà jìn, ó sì yẹ kí inú wa dùn sí i. NAFDAC pẹ̀lú gòkè ní 2022, WHO gbé e dé ipele kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn àwọn àjọ tó ń bójú tó oògùn. Láìsí ipele yẹn, àjẹsára tí a bá ṣe nílé ò lè rí ọjà níta.

Níbo wá ni a dé lórí èròjà? Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ àti May & Baker jọ buwọ́ lu àdéhùn lórí ilé-iṣẹ́ Biovaccines, ìjọba mú ìpín 49 nínú 100, May & Baker mú 51, kí ó lè máa ṣe àjẹsára ní Ọ̀tà bí Yábàá ti ń ṣe é rí. Ní 2021, báńkì ìdókòwò ilẹ̀ Yúróòpù yá Emzor ní mílíọ̀nù 14 owó yúrò láti kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa ṣe èròjà oògùn ibà ní Ṣàgámù. Kì í ṣe hóró o, èròjà gan-an. Ní June 2024, Ààrẹ buwọ́ lu àṣẹ kan tó yọ owó ibodè kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí ilé-iṣẹ́ oògùn ń kó wọlé, fún ọdún méjì. Mo fọwọ́ sí àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ọdún méjì kéré. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kì í ṣe ilé àgbékà tí wọ́n á kọ́ lẹ́ẹ̀rùn méjì. Àkókò tí ó máa gbà láti ra ilẹ̀, láti fa iná tí kì í kú, láti kó ẹ̀rọ dé, kí NAFDAC tó yẹ̀ ẹ́ wò, á ti jẹ ọdún méjì tán kí grámù èròjà kan tó jáde. Ọdún mẹ́wàá ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ sínú òfin, kí àwọn tó ń yáni lówó lè mọ̀ pé ìjọba tó ń bọ̀ kò ní yí i padà. Kí ìjọba sì ṣèlérí nínú ìwé pé ilé ìwòsàn tirẹ̀ yóò ra oògùn tí wọ́n bá fi èròjà Ṣàgámù ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti kógo já.

Àkókò wa ti tán fún tòní. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n ń kọ sí ara páálí oògùn ni a ó jọ kà: nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìpele oògùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, àti ibi tí ẹ ti máa rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an. Kí oníkálukú gbé páálí oògùn kan tó wà nílé rẹ̀ sún mọ́ rédíò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.